Oníbodè Ilé Bàbá Ìbejì

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹ̀wù à-yá-wọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, pé rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni Bàbá Ìbejì pa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé sí ilé rẹ̀ ní Peckham, ní apá gúúsù ìlú London, tí ó gbé páálí kan kalẹ̀ sí àárín pálọ̀ bí ẹni tí ó fa àgbò ọdún wálé. Ìyàwó rẹ̀ wo páálí, ó wo ojú ọkọ, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ni ẹ tún rà?" Ó dá a lóhùn pé ráútà ni, àti pé láti ọ̀la lọ, ilé òun kò tún ní máa lo ráútà ẹlòmíràn mọ́.

Ráútà wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí àwọn tí ó ni ilé kò bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe rí. Nínú ilé Bàbá Ìbejì, íntánẹ́ẹ̀tì ń ti ojú pópó wọlé nípasẹ̀ okùn dígí kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gba inú okùn náà kọjá. Àpótí funfun kékeré kan wà lára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí, tí ó ń sọ ọ́ di èdè tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé lè gbọ́. Àpótí funfun yìí, ti àwọn tí ó ta okùn ni. Kò sí ẹni tí ń fọwọ́ kàn án. Láti ara rẹ̀ ni wáyà kan ti wọ inú ráútà, ráútà sì ni oníbodè ilé. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni àwọn ará ìta fún gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni fóònù mẹ́rin, kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti tẹlifíṣọ̀n kan wà nínú ilé náà, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń ránṣẹ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbodè ni ó ń rántí ẹni tí ó rán kí ni. Bí èsì bá dé, kì í gbé iṣẹ́ ìwé Táyé lọ bá Ìyá Ìbejì nínú ilé ìdáná, kì í sì gbé orin tí Ìyá Ìbejì béèrè lọ bá Táyé. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ránṣẹ́ sí, tí ó wá ń kan ilẹ̀kùn láti òkèèrè, oníbodè ni ó ń dá a padà.

Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ni ó fún wọn ní oníbodè àkọ́kọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé ohun à-yá-lò ni, àti pé ní ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, wọn yóò dá a padà. Oníbodè náà kò ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó wà, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí okùn dígí gbé wọlé. Ilé àtijọ́ ni ilé náà, bíríkì ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, àwọn tí ó kọ́ ọ kò sì gbọ́ orúkọ Wi-Fi rí. Ìgbì méjì ni ráútà bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Ìkíní, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tì, a máa rìn jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára, gbogbo ilé àdúgbò ni wọ́n sì jọ ń dù ú. Èkejì, 5 gígáhẹ́ẹ̀tì, yára bí àṣá, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì méjì tó láti dá a lẹ́kun. Yàrá àwọn ìbejì wà ní òkè pẹtẹ́ẹ̀sì, ní ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Ọdún ìdánwò sì ni ọdún náà jẹ́ fún wọn. Ní òròòru ni Kẹ́hìndé máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, tí ó fi aṣọ òtútù bo ẹsẹ̀, nítorí pé orí àtẹ̀gùn ni íntánẹ́ẹ̀tì mọ. Èyí ni ó dun baba wọn.

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí ó fi owó kún owó oṣooṣù, kí àwọn fún un ní ẹ̀rọ mìíràn tí yóò gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé òkè. Ó bi wọ́n bí ẹ̀rọ náà yóò di ti òun lẹ́yìn tí òun bá ti sanwó rẹ̀ tí ó pẹ́. Wọ́n ní rárá, ohun à-yá-lò ni. Níbẹ̀ ni ó ti béèrè bí òun bá lè ra ráútà tí ó wu òun. Akọ̀wé tí ó ń bá sọ̀rọ̀ dáhùn pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò tẹ̀ sínú ráútà tuntun kí àpótí funfun tó lè dá a mọ̀. Ó sì fi ìkìlọ̀ kan kún un pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ láti ara ráútà náà títí dé inú yàrá, ọwọ́ onílé ni ó wà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn. Akọ̀wé yìí kò purọ́. Ohun tí wọn kò bi í ni kò sọ.

Bí Bàbá Ìbejì ti ń ka ìwé inú páálí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà yìí ti wọ London láti ọdún 1974, ó sì ti rí oríṣiríṣi.

"Ṣé wọ́n wá gbà kí o lo tìrẹ?" ni ó wí. "Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ dé ìlú yìí, tẹlifóònù tí ó wà nísàlẹ̀ ilé tí a háyà, ti Post Office ni. Àwọn ni ó wá so wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a sì ń sanwó rẹ̀. Bí o bá ra òmíràn tí ó dára jù ú lọ, o kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ọn."

Òótọ́ ni Màmá sọ. Títí di ọdún 1981 ni ọ̀ràn rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọba. Ọdún náà ni òfin tuntun jáde tí ó yọ̀ǹda kí ènìyàn ra tẹlifóònù tí ìjọba bá ti fi òǹtẹ̀ lù lọ́wọ́ ẹni tí ó wù ú, ọdún náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ihò kékeré sára ògiri ilé, tí onílé fi lè fa wáyà tẹlifóònù yọ, kí ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìjà náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ AT&T ni ó ni ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ilẹ̀ náà, òfin rẹ̀ sì ni pé ohunkóhun tí kì í ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kan tẹlifóònù rẹ̀. Àwọn kan ṣe ohun kékeré kan bí ife, tí ènìyàn lè fi bo ẹnu tẹlifóònù kí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Hush-A-Phone ni wọ́n pè é. Kò ní wáyà, kò ní iná, ife lásán ni. AT&T ní àwọn kò gbà, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù sì gbè é lẹ́yìn. Ọdún 1956 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti lo tẹlifóònù rẹ̀ bí ó ti wù ú, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa ẹlòmíràn lára. Ó ṣòro láti gbà gbọ́ pé odidi ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè tìtorí ife bá ènìyàn rojọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gba owó ẹnubodè mọ̀ pé ihò abẹ́rẹ́ kan nínú ògiri tó láti fi í ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ni ti ọ̀gbẹ́ni Thomas Carter, ará Texas. Ní ìgbèríko Texas, àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ wọn jìnnà sí wáyà tẹlifóònù a máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Carter ṣe ohun ìgbélé kan tí ènìyàn fi lè gbé tẹlifóònù lé orí rẹ̀, tí ohùn inú tẹlifóònù yóò fi bọ́ sínú rédíò, tí ohùn inú rédíò yóò sì bọ́ sínú tẹlifóònù, láìjẹ́ pé wáyà kan so wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún 1959 sí 1966 ó ta bí 3,500 nínú rẹ̀. AT&T kìlọ̀ fún àwọn tí ó rà á pé òfin kò gbà á, àti pé ìyà tí ó tọ́ sí arúfin yóò jẹ wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìjọba dá ẹjọ́ náà fún Carter ní ọdún 1968. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń là díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti AT&T, títí kan èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ náà tún padà wá sórí ráútà gan-an, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ kọ̀ láti fún oníbàárà ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Òfin ni ó yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2016.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì kò mọ Carter. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tú wáyà kúrò lára oníbodè àtijọ́, ó so ó mọ́ ti tuntun, ó tẹ orúkọ ìwọlé, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì dúró bí ẹni tí ń retí èsì ìdánwò. Iná pupa tàn, ó ń ṣẹ́jú, ó di funfun. Ariwo ayọ̀ sọ ní òkè pẹtẹ́ẹ̀sì. Kẹ́hìndé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn lọ sórí tábìlì rẹ̀, lẹ́bàá ibùsùn, ó ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì rí i títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Baba wọn di oníbodè àtijọ́ sínú páálí, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn dè ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rẹ̀.

Ó tún ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín fún un: ó pa ọ̀rọ̀ aṣínà tí ráútà náà bá wá láti ilé-iṣẹ́ rẹ́, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó sì pàṣẹ fún un láti máa gba àtúnṣe fúnra rẹ̀ ní alaalẹ́. Ráútà à-yá-lò ní ọ̀gá tí ń tọ́jú rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá ra tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá. Kì í kúkú ṣe pé ọ̀gá òkèèrè kì í ṣàṣìṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì gbìyànjú láti gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wọ inú ráútà oníbàárà wọn láti tún un ṣe, nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì sì bá íntánẹ́ẹ̀tì wọn ní dídákú.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ó ń tú wáyà kúrò lára oníbodè àtijọ́, ó rí wáyà kejì kan lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó lọ sí ìdí tẹlifóònù ìyá rẹ̀ àti sí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù náà. Ó wá ihò tí yóò kì í bọ̀ lára ráútà tuntun, kò rí ihò tí ó bá a mu. Ó fi wáyà náà sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ó ní òun yóò bi ẹnìkan léèrè ní ọ̀la. Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àlejò bá wọn bọ̀ wálé, ó sì gbàgbé.

Láyé àtijọ́, tẹlifóònù ilé kò ní ohun tí ó kàn án pẹ̀lú ráútà. Wáyà bàbà ni ó ń gbé ohùn, iná tí ó ń lò sì ń ti ilé tẹlifóònù wá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí iná mànàmáná bá tilẹ̀ lọ ní gbogbo àdúgbò, tẹlifóònù a ṣì máa dún. Ìlú Ọba ti pinnu láti fi ètò wáyà bàbà yìí sílẹ̀. Ìparí ọdún 2025 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ dá. Ní ọdún 2024 wọ́n sún un sí ìparí oṣù kìíní ọdún 2027. Nínú ilé tí wọ́n bá ti yí padà, ohùn ti di ọ̀kan nínú àwọn ẹrù tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé, ẹ̀yìn ráútà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń ki wáyà tẹlifóònù bọ̀. Wọ́n ti yí ti ilé Bàbá Ìbejì padà ní ọdún tí ó ṣáájú. Òṣìṣẹ́ tí ó wá ṣe é ni ó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Bàbá Ìbejì wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ náà.

Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ tẹlifóònù náà ń kọ́? Màmá ti lé ní ọdún 75, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa ga. Ó ní bọ́tìnì kan tí a fi okùn so mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àpótí náà yóò fi tẹlifóònù pe àwọn tí ń ṣọ́ àwọn arúgbó, ohùn ènìyàn yóò sì jáde láti inú rẹ̀, yóò bi í pé, "Ìyá, kí ni ó ṣe yín?" bí àwọn òyìnbó ti ń wí i ní èdè wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní bọ́tìnì yìí ni ọkàn ọmọ rẹ̀ ti balẹ̀ láti fi í sílẹ̀ nílé ní ọ̀sán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píì, ó dákẹ́, píì. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ, ó rò pé ohun tí ń ké bí èéfín bá kún ilé ni bátìrì rẹ̀ ń tán, ó gun àga, ó sì pààrọ̀ bátìrì èyíinì. Igbe náà kò dá. Ní alẹ́, ẹnìkan ju aṣọ ìnura lé orí àpótí, wọ́n sì sùn. Ní ọjọ́ Àìkú, Màmá jókòó ti tẹlifóònù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí pé àkókò náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Ìbàdàn máa ń pè é. Tẹlifóònù kò dún. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé e sí etí, kò gbọ́ ohùn kankan, ó rọra gbé e padà. Gbogbo ilé ń yọ̀ sí ẹ̀rọ tuntun, kò sì fẹ́ kí a pe òun ní arúgbó tí ń yọni lẹ́nu. Oorun kò kùn ún ní òru náà. Àbúrò rẹ̀ ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ mélòó kan, ẹni tí ó bá sì wà ní òkèèrè mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ máa ń túmọ̀ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì ṣubú lé ọwọ́ òsì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá bọ́tìnì lọ́rùn, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Agogo mẹ́rin ti lù kí Kẹ́hìndé tó ti ilé-ìwé dé, tí ó bá ìyá bàbá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, tí òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ náà fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe 999.

Ọrùn ọwọ́ ni ó fọ́. Àwọn dókítà ní ìyókù ara rẹ̀ dá ṣáká. Nígbà tí Bàbá Ìbejì sáré dé ilé ìwòsàn, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fa wáyà yín yọ."

"Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Mo rò pé inú ń bí wọn sí mi ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àbúrò mi ń kọ́? Ṣé ẹ ti gbúròó rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ó tó mọ̀ pé ìyá òun ti ń ṣọ̀fọ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ó pe Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú fóònù ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò Màmá gbé e, ara rẹ̀ ti yá. Ó ní òun ti pè nígbà mẹ́fà, òun sì rò pé àwọn ará London ni nǹkan ṣe.

Ní alẹ́ ó pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìbínú ní ẹnu. Akọ̀wé mìíràn ni ó gbé e. Ó ní ohùn tẹlifóònù àwọn kì í gba inú ráútà mìíràn kọjá, pé àṣírí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú àpótí àwọn, àwọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì ní kí ni wọn kò ṣe sọ fún òun. Akọ̀wé ní bí ó bá ti sọ pé ẹnìkan nínú ilé ń lo bọ́tìnì ìpè, àwọn ìbá ti sọ fún un. Kò sí i lákọsílẹ̀ àwọn. Ẹ̀bi wà níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Onílé gbàgbé ní ọjọ́ kan; ilé-iṣẹ́ tí ó ti ki tẹlifóònù arúgbó bọ inú àpótí rẹ̀, tí ó wá ń sọ fún ọmọ arúgbó náà pé kò sí ewu bí ó bá yọ àpótí náà, ó yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ kan péré kí ó tó fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Kì í ṣe ọ̀ràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún àwọn kan níbi tí wọ́n ti yí tẹlifóònù padà, ìjọba ìlú Ọba pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jọ, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní fi tipátipá yí tẹlifóònù ẹni tí ó ní bọ́tìnì padà láìjẹ́ pé ó dá àwọn lójú pé bọ́tìnì náà yóò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, ni ó wá tún ilé náà ṣe ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí wọ́n fa oníbodè àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Bàbá Ìbejì lọ́ tìkọ̀, ó ní ṣé owó òun ti wọmi nìyẹn? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò wọmi, ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mu omi nínú kòtò kan. Bí ráútà méjì bá ń ṣe oníbodè nínú ilé kan, ọ̀kan a máa dí èkejì lọ́wọ́. Nítorí náà ọ̀kan ní láti fi ipò sílẹ̀. Ó so ti ilé-iṣẹ́ padà mọ́ àpótí funfun, ó ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì pa Wi-Fi rẹ̀ pátápátá. Ó wá ta wáyà gígùn kan lẹ́bàá àtẹ̀gùn dé òkè, ó gbé ráútà tuntun kalẹ̀ sí ẹnu yàrá àwọn ìbejì, ó sì gba iṣẹ́ oníbodè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa tan íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri nìkan. Ó fi bátìrì ńlá kan sí ìdí àpótí méjèèjì tí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé bí iná bá lọ ní báyìí, tẹlifóònù náà lọ nìyẹn. Ó sì sọ fún wọn pé bọ́tìnì mìíràn wà tí kò nílò ráútà ẹnikẹ́ni, tí ó ní síìmù tirẹ̀ nínú bíi fóònù ọwọ́. Ìyá Ìbejì béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá dé, Bàbá Ìbejì lè tún gbìyànjú láti gbé oníbodè tirẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà, bí ó bá ṣì wù ú. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yanjú.

Kí ọ̀rẹ́ wọn tó lọ, ó ní kí Màmá tẹ bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ wò. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ohùn obìnrin kan jáde nínú àpótí, ó béèrè pé ṣé àlàáfíà ni. Màmá ní àlàáfíà ni, àwọn kàn ń dán an wò ni, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tẹlifóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu o! Ta ni kò jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?"

"Ọmọ rẹ ni," ni Màmá wí, tí ó ń wo Bàbá Ìbejì láti apá ojú. "Ó gba oníbodè tuntun, kò sì sọ fún un pé mo ń gbé inú ilé." Ó sì fi ọwọ́ tí kò fọ́ fa àga sún mọ́ ìdí tẹlifóònù.